Owó Ọlọ́dẹ àti Owó Omi: Báwo Ni Ìjọba Ṣe Ń Pín Tiẹ̀?

Ìpàdé tí a ṣe lóṣù tó kọjá ló bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Ìyá kan dìde, ó ní ká tún fi owó kún owó ọlọ́dẹ. Òmíràn dìde láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ó ní owó ọlọ́dẹ kẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá? Ni àbúrò wa kan tó ń ta aṣọ bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ní Àbújá náà lẹ ń jà lé lórí yìí o." Ọ̀rọ̀ yẹn pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ìyálọ́jà wá ní kí akọ̀wé lọ wádìí rẹ̀ dáadáa, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Ìwé mẹ́fà péré la kà, ẹ má retí èdè yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣírò owó ìsọ̀ láti bí ogún ọdún, iye òdo kì í bà á lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olè tó wọ ọjà wa lọ́dún tó kọjá, ₦360,000 ló ń wọlé sápò ẹgbẹ́ lóṣù: àwa 180, ₦500 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọlọ́dẹ méjì ń gba ₦45,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, ₦90,000 nìyẹn. Pàǹtí kíkó àti gọ́tà ń gba ₦60,000. Omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń gba ₦80,000. Èyí tí a fi ń ran aláìsàn àti ẹni tó bímọ lọ́wọ́ jẹ́ ₦50,000. ₦80,000 tó kù, owó káńsù ni, owó yàrá ìpàdé, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ̀.

Òru ọjọ́ kan ni wọ́n já ìsọ̀ méje. Màmá wa kan tó ń lọ ata, ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ni wọ́n tú gbé lọ, ẹ̀rọ tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ẹni tó bá rí màmá yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, tí kò sunkún, tí kò sọ̀rọ̀, onítọ̀hún ò ní sọ láéláé pé owó ọlọ́dẹ pọ̀ jù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an la sọ ọlọ́dẹ di mẹ́fà. ₦270,000. Ẹnì kan ò sọ pé rárá. Ọwọ́ wa yìí la fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí a fa ìlà pupa sábẹ́ owó gọ́tà àti owó omi, tí a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ó dúró ná.

Oṣù mẹ́rin ló fi dúró. Pàǹtí tí a kò kó mọ́ di òkìtì lẹ́yìn ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òjò dé, gọ́tà kún, omi ìdọ̀tí wọ ìlà àwọn aláta. Ọmọ-ọmọ ẹnì kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ bí omi, kó tó di ọ̀sán ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó wá ra ẹ̀wà, òun ló ní kí wọ́n po omi, iyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e dé ọsibítù. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn wá dé ọkàn ni pé nínú oṣù mẹ́rin yìí kan náà, olè tún wọlé, tàwọn ti ọlọ́dẹ mẹ́fà. Ẹ mọ ibi tí wọ́n gbà? Orí òkìtì pàǹtí yẹn ni wọ́n gùn, tí wọ́n fi fo ògiri. Pàǹtí tí a kò kó nítorí owó ọlọ́dẹ ló di àkàsọ̀ fún olè.

Ẹ fi ìyẹn sápò ná, ká lọ sí Àbújá.

Lọ́dọọdún, Ààrẹ máa ń gbé ìwé ìnáwó ìlú lọ síwájú àwọn aṣòfin. Òun ni wọ́n ń pè ní ìṣúná, tàbí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 2025, Ààrẹ Tinúbú ka èyí tó wà fún ọdún 2026: ₦58.18 tírílíọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan ni bílíọ̀nù kan, bílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan ni tírílíọ̀nù kan. Ọ̀nà tó rọrùn ni ká sọ gbogbo owó náà di ₦100, bí ẹni fún ọmọ lówó pé kó lọ ra nǹkan wá lọ́jà.

Nínú ₦100 yẹn, gbèsè ló kọ́kọ́ máa gba bíi ₦27. Èlé àti gbèsè àná nìyẹn, kò sí ohun tó fẹ́ rà wálé. Lẹ́yìn náà ni ààbò: ₦5.41 tírílíọ̀nù, ìyẹn ₦9 àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ nínú ₦100. Ó wà fún ṣọ́jà, ọkọ̀ ojú omi ogun, ọkọ̀ òfúrufú ogun, ọlọ́pàá àti àwọn tó jọ wọ́n. Ètò ẹ̀kọ́ gba ₦3.52 tírílíọ̀nù, ₦6 àti kọ́bọ̀ márùn-ún nìyẹn. Ètò ìlera gba ₦2.48 tírílíọ̀nù, ₦4 àti kọ́bọ̀ 26.

Bẹ́ẹ bá wò ó báyìí, ẹ lè sọ pé kò burú, ẹ̀kọ́ àti ìlera papọ̀ ṣáà fi díẹ̀ ju ààbò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí ojú ìwé tọdún tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tí Ààrẹ kà ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024 fún ọdún 2025, ààbò gba ₦4.91 tírílíọ̀nù. Ẹ̀kọ́ gba ₦3.52. Ìlera gba ₦2.48. Ẹ tún un kà. Owó ààbò fi ₦500 bílíọ̀nù pọ̀ sí i láàárín ọdún kan. Tilé-ìwé àti tọsibítù dúró gbọnin sójú kan náà. Àwa tí a ń tajà sì mọ̀ pé iye owó kan náà kì í ra iye ọjà kan náà fún ọdún méjì. Owó tó dúró sójú kan ti ń dín kù nìyẹn.

Ó yẹ ká sọ òdodo kan síbí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a ń ṣègbè. Ìjọba àpapọ̀ nìkan kọ́ ló ń náwó sí ilé-ìwé àti ọsibítù. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìlera àdúgbò, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wọn. Ti ṣọ́jà ni ìjọba àpapọ̀ dá gbé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí oògùn ní ilé ìlera ẹ̀yìn ọjà, kò gbọ́dọ̀ wo Àbújá nìkan. Kó yí ojú sí káńsù náà.

Èló ló yẹ kó jẹ́? Àwọn olórí Áfíríkà fúnra wọn ti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, Àbújá níbí ni wọ́n pé jọ sí, tí wọ́n ṣèlérí pé nínú ₦100 tí ìjọba bá ná, ₦15 yóò lọ sí ìlera. ₦4 àti kọ́bọ̀ 26 la wà. Lórí ẹ̀kọ́, ìpàdé gbogbo ayé tí UNESCO pè ní Kòríà lọ́dún 2015 sọ pé kí ìjọba máa ná ₦15 sí ₦20 nínú ₦100 rẹ̀. Ẹ fi wé ₦6.

Ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan sọ pé, ó dáa, ẹ mú owó ṣọ́jà kẹ́ ẹ fi kọ́ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2020, ní Zabarmari lẹ́bàá Maiduguri, àwọn àgbẹ̀ ń kórè ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí àwọn apániláyà ká wọn mọ́, tí wọ́n pa ènìyàn tó lé ní 40. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò gbé ìbọn. Ní Chibok, òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2014, ọmọbìnrin 276 ni wọ́n kó lọ nínú ilé-ìwé. Ilé-ìwé wà níbẹ̀ o, olùkọ́ wà, ohun tí kò sí ni ẹni tó máa dáàbò bò wọ́n. Nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, ó dé Ọ̀wọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ìsinmi. Ta ló máa wá sọ fún àwọn ará Ọ̀wọ̀ pé owó ààbò ti pọ̀ jù?

Àwa ọlọ́jà tilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ lọ́jà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya kọ̀, tí wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí gúúsù mọ́. Ọjọ́ mélòó kan péré ni, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ta àlùbọ́sà, ẹ ò gbàgbé. Ibi tí kò bá sí àlàáfíà, kò sí ọjà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: owó tí wọ́n ní ààbò gbà, ṣé ààbò ló gbà á lóòótọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, tó sì korò. Ìdí ni pé nínú gbogbo owó ìlú, owó ààbò ló rọrùn jù láti fi pamọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ kọ́ ilé-ìwé, a ó ní kẹ́ ẹ mú wa débẹ̀ ká fojú rí i. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ra ọta ìbọn, ẹ ó ní àṣírí ìlú ni. Lásìkò ọ̀gágun Sani Abacha, láti 1993 títí ó fi kú ní 1998, ìwé ni wọ́n ń kọ sí báńkì àpapọ̀ pé owó ààbò ìlú la fẹ́, báńkì á sì kó owó jáde. Owó tó lé ní 2 bílíọ̀nù dọ́là ló gba ọ̀nà ìwé èké yẹn lọ, gẹ́gẹ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fi hàn nílé-ẹjọ́ wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ohun tó lé ní 311 mílíọ̀nù dọ́là padà lọ́dún 2020, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ná an sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà yẹn lọ kó ọjà, owó ààbò àtijọ́ wà lábẹ́ táyà yín.

Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2014, ilé-ẹjọ́ ológun dájọ́ ikú fún ṣọ́jà 54 pé wọ́n kọ̀ láti lọ dojú ìjà kọ Boko Haram. Àwọn ọmọ yẹn ní àwọn kò ní ohun ìjà tó tó. Wọ́n padà yí ìdájọ́ ikú yẹn sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 2015, ìwádìí ìjọba tuntun gbé ẹ̀sùn jáde pé bíi 2 bílíọ̀nù dọ́là owó ohun ìjà ló ti gba ibòmíràn lọ, ó sì di ẹjọ́. Ẹ ò rí i pé ìwé lè kún fún owó ààbò, kí ọmọ ènìyàn tó wà lójú ogun má sì rí ọta ìbọn yìn.

Àwọn gómìnà náà ní tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní owó ààbò oṣooṣù. Wọn kì í ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní 2018, àjọ Transparency International tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ṣírò pé àpapọ̀ irú owó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní 670 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kan. Ká ní àwa akọ̀wé bá na owó ọlọ́dẹ, tí a wá sọ níwájú ìpàdé pé àṣírí ni, ṣé ẹ ó jẹ́ ká dé ilé láìfaṣọ ya?

Ká sòótọ́, owó kan wà tí a rí ohun tó rà. Ọkọ̀ òfúrufú ogun Super Tucano méjìlá tí wọ́n rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, bíi 500 mílíọ̀nù dọ́là, ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní oṣù Keje 2021. Wọ́n dé o, wọ́n ń fò. Àríyànjiyàn tó wà lórí wọn ni pé lọ́dún 2018, wọ́n ti mú owó náà nínú àjẹṣẹ́kù owó epo kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni: kì í ṣe ohun tí a rà nìkan, bí a ṣe rà á náà ni.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lèyí fún obìnrin ọjà. Nígbà ogun Hitler, Èkó ò rí bọ́ǹbù kankan, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa san owó ogun náà. Ní 1940 ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà, ló kó wọn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, tí ìjọba fi gbé e sókè di £200. Wọ́n tún wá gbé ètò mìíràn dé, tí ará ìlú ń fi orúkọ ọ̀gá òyìnbó tó wà nídìí rẹ̀ pè, Pullen. Ìjọba ló ń dá iye tí a ó ta gàrí àti oúnjẹ yòókù, iye yẹn ò sì tó owó tí wọ́n fi rà á lóko. Pẹlẹ́wùrà àti àwọn obìnrin rẹ̀ kò gbà. Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, títí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi dá sí i. Àwọn ìyá yẹn kò sọ pé kí òyìnbó má jagun. Wọ́n kàn bi í pé kí ló dé tó jẹ́ orí igbá tiwọn ló ti fẹ́ mú owó rẹ̀.

Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ọmọ ogun Nàìjíríà kúrò ní bí 10,000, ó di bí 250,000. Ogun parí, kò ṣeé ṣe láti lé gbogbo wọn sílé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gbowó. Ìyẹn náà ló ń mú owó ààbò le láti dín kù: èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, owó oṣù ènìyàn ni. Bí a ṣe gba ọlọ́dẹ mẹ́fà níjọ́ yẹn, ta ló fẹ́ sọ fún mẹ́rin pé kí wọ́n máa lọ?

Síbẹ̀ àwọn ológun yìí kan náà, lábẹ́ ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án 1976, nígbà tí owó epo pọ̀. Ọdún yẹn la wọlé ìwé. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, Awólọ́wọ̀ ti ṣe é ní oṣù Kíní 1955, tí ọmọ tó wà nílé-ìwé fi kúrò ní ohun tó dín ní 500,000 tó di ohun tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Bí kò bá sí ètò yẹn, àwa kọ́ ni à bá máa kọ ìwé yìí. Wọn ò ní ra ìbọn kan dín torí pé a mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tí apániláyà ń kó sẹ́yìn rẹ̀ ní Òkè Ọya. Mélòó nínú wọn ló jókòó nílé-ìwé? Àwọn àgbà ti wí i pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òkìtì pàǹtí lẹ́yìn ògiri nìyẹn.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà lápá Amẹ́ríkà, Costa Rica. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1948, olórí wọn José Figueres tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn ká pátápátá. Bárékè ńlá wọn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti ìgbà náà ọlọ́pàá nìkan ni wọ́n ní. A ò sọ pé ká ṣe bíi tiwọn, ilẹ̀ wa tóbi ju tiwọn lọ fíìfíì, wàhálà wa sì pọ̀. A kàn sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé iye tí à ń ná sí ìbọn kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, ènìyàn ló ń jókòó pín in.

Ó wá ku tiwa nílẹ̀. Àbá tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá rèé. Ká fi ọlọ́dẹ mẹ́rin sílẹ̀, ₦180,000. Ká dá owó pàǹtí padà, ₦60,000, àti owó omi, ₦80,000. Ó di ₦320,000. Nínú ₦360,000, ó ku ₦40,000, bẹ́ẹ̀ owó káńsù àti àwọn tó kù jẹ́ ₦80,000, ti aláìsàn àti abiyamọ jẹ́ ₦50,000. ₦90,000 ló yìn wá. Bí a ò bá fẹ́ fọwọ́ kan owó aláìsàn, àfi kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ₦125 kún owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀. A mọ̀ pé ₦125 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ẹni tó ń ta ewédú.

Ẹni tó bá ní àbá tó sàn ju ìyẹn lọ, kó mú un bọ̀ ní ìpàdé oṣù yìí. A ti pe káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, ó ní òun ń bọ̀, ẹ sì lè bi í léèrè iye tí káńsù yà sọ́tọ̀ fún ilé ìlera ẹ̀yìn ọjà. Ìwé owó ẹgbẹ́ àti rìsíìtì ọlọ́dẹ yóò wà lórí tábìlì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ kí olúkúlùkù yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ojú ń dùn, ẹ mú awò yín dání.